Nígbà tí iye sẹ́ẹ̀lì funfun pé, tí ààbò ara kò sì pé: àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn kíndìnrín kan

Aláìsàn tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 54 tí àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ ti dé ìpele karùn-ún, ìyẹn ìpele tí ohun tí kíndìnrín ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan kò tó mílílítà 15 mọ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó tí a lè nàka sí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni a kó jọ sára ẹnì kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣeé tọ̀ láti orí dé ìdí. Àtọ̀gbẹ ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún kún un. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, láti ojú kátítà, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n kì bọ òpójẹ̀ ńlá ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọ́n ti ṣe fístúlà sí apá òsì rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti so òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ látinú ọkàn mọ́ èyí tó ń dá a padà, kí èyí ìkẹyìn yìí lè tóbi tó láti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n fístúlà náà kò tíì gbó.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Èkínní ni pé wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú oríṣi B lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìwọ̀n máíkírógíráàmù 20 tí wọ́n máa ń fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, síbẹ̀ àǹtíbọ́dì, èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò, tí wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà kò tó 10 mIU/mL, tí í ṣe ààlà tí a fi ń mọ̀ pé ààbò wà. Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gòkè: hìmóglóbìnì rẹ̀ dúró sí 8.6 láìka ìwọ̀n ńlá abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá tí ó ń gbà sí. Ẹ̀kẹta ni pé CRP, èròjà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìgbiná (wíwú àti gbígbóná tí ààbò ara ń dá sílẹ̀) bá wà níbì kan nínú ara, ti wà láàárín 18 sí 25 miligíráàmù nínú lítà kan fún oṣù mélòó kan, tí kò sì sí ibà, ikọ́ tàbí egbò tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló dun obìnrin náà jù. Ó bi wá pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi lásán ni wọ́n fà sínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ni?”

Nínú ìwé tí wọ́n fi rán an wá, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé agbára ìdènà àrùn rẹ̀ kò ní àléébù, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6.2 nínú lítà kan, iye tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ohun tí ìwé àyẹ̀wò pè ní dáadáa. Gbólóhùn yẹn ni a ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí a tú iye náà sí wẹ́wẹ́, nútírófíìlì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí bakitéríà bá wọlé sí, jẹ́ 4.7, límfósáìtì, àwọn tó ń dá kòkòrò mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń rántí rẹ̀, jẹ́ 0.8 péré, mónósáìtì, àwọn tó ń gbé kòkòrò àti pàǹtí mì, jẹ́ 0.6, ìyókù kò tó nǹkan. Nútírófíìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà límfósáìtì, bẹ́ẹ̀ nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, ìlọ́po náà kì í sábà kọjá mẹ́ta. Àpapọ̀ kò yí padà nítorí pé ohun tí apá kan sọ nù ni apá kejì fi kún un. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé àyẹ̀wò aláìsàn kíndìnrín máa sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà wọ̀nyí kí ó tó kọ “ó dára.”

Nítorí pé límfósáìtì kéré tó bẹ́ẹ̀, a ní kí láàbù pín wọn sí oríṣi wọn. Sẹ́ẹ̀lì CD4, àwọn olùdarí nínú sẹ́ẹ̀lì T, jẹ́ 320 nínú máíkírólítà kan. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà kékeré wa rí iye yìí, ọkàn rẹ̀ sì lọ tààrà sí kòkòrò HIV, èyí tí kò burú láti rò, nítorí náà a ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, a sì tún un ṣe. Kò sí i lára rẹ̀. Àrùn kíndìnrín fúnra rẹ̀ lè mú CD4 wálẹ̀ dé irú ibẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fi sọ́kàn. Ohun tó ṣe pàtàkì ju iye lọ ni irú èyí tó ṣẹ́ kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì bá kòkòrò kankan pàdé rí, tí ara ń tọ́jú de ọ̀tá tuntun, ti gbẹ dànù púpọ̀, nígbà tí àwọn tó ti jà títí tó ti gbó pọ̀ sí i. Nínú CD4 rẹ̀, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní àmì CD28 lára mọ́. Àmì yìí ni sẹ́ẹ̀lì T fi ń gba àṣẹ kejì kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ti sọ ọ́ nù kì í dúró de àṣẹ kejì yẹn mọ́, ó sì máa ń tètè tú àwọn èròjà amúgbiná bí TNF àti interferon-gamma sílẹ̀. Inú àwọn tí CMV, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń fara pamọ́ sínú ara, ti wà lára wọn ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù, àyẹ̀wò sì fi hàn pé CMV ti wà lára obìnrin yìí tipẹ́.

Àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì T àwọn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́ rí i pé, bí a bá fi ojú sẹ́ẹ̀lì wo ọjọ́ orí, sẹ́ẹ̀lì wọn dàgbà ju ọdún tí wọ́n ti lò láyé lọ ní nǹkan bí ọdún 15 sí 20. Táímọ́ọ̀sì, ibi tí sẹ́ẹ̀lì T tuntun ti ń jáde nínú àyà, kì í mú púpọ̀ jáde mọ́. Àwọn tó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í fetí sí IL-7, èròjà tó yẹ kó dá ẹ̀mí wọn sí, nítorí náà wọ́n ń kú láìpé ọjọ́. Sẹ́ẹ̀lì B, tó ń ṣe àǹtíbọ́dì, dín kù pẹ̀lú. Bí a bá so èyí mọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó rọrùn láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú nílò sẹ́ẹ̀lì aṣojú tí yóò gbé ohun tí a gún wọ ara lọ fún sẹ́ẹ̀lì T, ó nílò sẹ́ẹ̀lì T tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo láti gbà á, ó sì nílò sẹ́ẹ̀lì B tí sẹ́ẹ̀lì T yẹn yóò ràn lọ́wọ́. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òṣìṣẹ́ kò tó. A dá obìnrin náà lóhùn pé, “Rárá o, ìyá wa, oògùn gidi ni wọ́n gún yín. Àwọn tó yẹ kó gbà á nínú ara yín ni kò tó.”

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ààbò ara rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ CRP rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààbò ara rẹ̀ dà bí ọdẹ tó ń pariwo lé òjìji igi láti àṣálẹ́, tó wá sùn lọ fọnfọn nígbà tí olè dé. Nútírófíìlì rẹ̀ ń tú èròjà ajónirun sílẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan tó ń lé, síbẹ̀ bí bakitéríà bá dé, gbígbé mì àti pípa rẹ̀ kò dán mọ́rán. Mónósáìtì rẹ̀ pọ̀ sí ìhà àwọn tó ní àmì CD14 àti CD16 pọ̀, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ àìsàn ọkàn àti òpójẹ̀ nínú àwọn aláìsàn kíndìnrín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T amúniṣọ́ra, tó yẹ kó máa pe ìyókù bọ̀ sípò, ti dín kù ní ìfiwéra pẹ̀lú oríṣi Th17 tó ń dá ìgbiná sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àìsàn ọkàn ló ń pa àwọn tí a ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn jù, tí àkóràn sì tẹ̀ lé e.

Ibo ni ìdàrúdàpọ̀ yìí ti ń wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá látinú ohun tí kíndìnrín kò lè dà nù mọ́, mo sì fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó fi hàn ìdí tí ẹ̀rọ kò fi lè ṣe gbogbo rẹ̀. Tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà póròtíìnì tí a ń jẹ, dé ìfun ńlá. Bakitéríà ibẹ̀ sọ ọ́ di indole. Indole gba inú ògiri ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, ó dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sì sọ ọ́ di indoxyl sulfate. Nínú ara tó le, ojú ọ̀nà tóóró inú kíndìnrín máa ń fà á jáde sínú ìtọ̀. Bí kíndìnrín bá ti kú, ó máa ń gbá jọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ álíbúmìnì, póròtíìnì ńlá kan inú ẹ̀jẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìdá tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kì í dá wà. Ihò ara àsẹ́ ẹ̀rọ kéré jù fún álíbúmìnì láti kọjá, kò sì yẹ kí ó kọjá, nítorí náà ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń bá a padà sínú ara. Yúríà, tó dá wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, máa ń jáde wọ̀ọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin náà, ìwé àyẹ̀wò á sì fi hàn pé ìfọ̀jẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó ń ru mónósáìtì àti ògiri òpójẹ̀ sókè wà níbi tó wà.

Ìfun fúnra rẹ̀ kò mọ́wọ́ dúró. Yúríà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń jò wọ inú rẹ̀, bakitéríà ń sọ ọ́ di ammonia, ammonia sì ń tú ìdè tó so sẹ́ẹ̀lì ògiri ìfun pọ̀, tí àwókù bakitéríà fi ń yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀. Àìtó fítámì D àti áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) tí a ń fún léraléra nípasẹ̀ òpójẹ̀ tún ní ipa tiwọn.

Ọ̀rọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà so mọ́ èyí. Fẹ́ritíìnì rẹ̀, èròjà tí a fi ń mọ iye áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́, jẹ́ 940, èyí tó dà bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù pọ̀ lára rẹ̀ jù, àmọ́ ìdá áyọ́ọ̀nù tó wà lórí èròjà tó ń gbé e káàkiri kò ju 17 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. IL-6 tí ìgbiná ń mú wá máa ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ láti tú hepcidin sílẹ̀. Hepcidin sì máa ń ti ilẹ̀kùn ibi tí áyọ́ọ̀nù wà ní ìpamọ́. Mùdùnmúdùn eegun wá ń wá ohun tó wà nínú ilé tí a ti tì. Fífi kún abẹ́rẹ́ amẹ́jẹ̀wá nínú irú ipò yìí kì í yanjú nǹkan, ó sì ní ewu tirẹ̀ fún ọpọlọ àti òpójẹ̀; a kọ̀ láti fi kún un.

Ìpinnu wa ni pé kí a kọ́kọ́ wá ohun tó ń dáná sí ìgbiná náà kí a tó sọ pé àrùn kíndìnrín nìkan ló fà á. A yẹ eyín rẹ̀ wò, oníṣègùn eyín sì rí ìdí eyín méjì tó ti jẹrà, ó yọ wọ́n. A tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò láàárín ìka, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Kò sí egbò. A bi ilé ìfọ̀jẹ̀ léèrè àyẹ̀wò omi ẹ̀rọ wọn, nítorí omi tí a kò sẹ́ mọ́ tónítóní máa ń gbé àwókù bakitéríà wọ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìfọ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ kò tó 0.03 EU nínú mílílítà kan, tí í ṣe òdiwọ̀n omi tó mọ́ jù lọ. Ó wá ku kátítà. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú rẹ̀ kò hu kòkòrò kankan nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun àjèjì tó dúró sínú òpójẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lè máa ru ìgbiná sókè bí kòkòrò kò tilẹ̀ sí. A kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fístúlà náà falẹ̀. Ó falẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, láàárín ìfọ̀jẹ̀, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un tó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀rọ wọn ara rẹ̀: 37.7. Ẹlòmíràn ì bá fi aṣọ bò ó kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí ìwọ̀n yẹn kò tó ohun tí à ń pè ní ibà. Nọ́ọ̀sì yìí mọ̀ pé ara irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbóná bó ti yẹ, ó fa ẹ̀jẹ̀ sí ìgò kí oògùn kankan tó wọlé, ó sì pe dókítà. Gbígbọ̀n yẹn ni ìròyìn tòótọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 8.1, tó ṣì wà láàárín ààlà. CRP ti di 164. Ìgò náà hu bakitéríà tí à ń pè ní Staphylococcus aureus.

Wọ́n yọ kátítà náà. Kòkòrò yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń fi oògùn lé tí a ó sì fi kátítà sílẹ̀ sípò. Wọ́n fún un ní cefazolin, oògùn apabakitéríà, lẹ́yìn ìfọ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 2 nígbà tí ìfọ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ ọjọ́ méjì sí i, gíráàmù 3 nígbà tó bá di ọjọ́ mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn rẹ̀, kòkòrò kò tíì gbé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún fà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò hu nǹkan mọ́. Àárín ìgbà yìí ni fístúlà wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lé: wọ́n fi bálúùnù kékeré fẹ apá ibi tó há nínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí oògùn tó parí.

Ẹnì kan dábàá, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán, pé kí a fún un ní oògùn tó ń tẹ ìgbiná rì, nígbà tó jẹ́ pé ìgbiná ló ń yọ wá lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò gbà. Oògùn tó ń dí IL-6 lójú ọ̀nà ti wà lórí ìdánwò nínú àrùn kíndìnrín, mo sì gbà pé ìdánwò yẹn tọ́ láti ṣe, àmọ́ ẹni tí bakitéríà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ kò tó, kọ́ ló yẹ kí a dán an wò lára rẹ̀ láìsí lábẹ́ ìlànà ìdánwò.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí kátítà jáde, CRP rẹ̀ ti di 6. Hìmóglóbìnì gòkè sí 10.4 lórí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kan náà, fẹ́ritíìnì wálẹ̀ sí 510, ìdá áyọ́ọ̀nù tó ń rìn sì di 26. Límfósáìtì kò kúrò ní 0.9, a kò sì retí kí ó kúrò. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fara balẹ̀ wò: ìhà tó ń pariwo wálẹ̀ nígbà tí a mú ohun tó ń rú u kúrò, ṣùgbọ́n ìhà tó ti gbó kò di ọ̀dọ́ padà. Nítorí ìdí yìí ni a kò fi tún àyẹ̀wò CD28 ṣe. Ó wúlò láti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìpinnu ìtọ́jú kan tí ì bá yí padà.

Nígbà yẹn ni a padà sórí ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú. A tún abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tó tọ́ sí ẹni tí a ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, máíkírógíráàmù 40, lẹ́ẹ̀mẹ́rin: ọjọ́ àkọ́kọ́, oṣù kìíní, oṣù kejì àti oṣù kẹfà. Bí èyí kò bá ràn, oríṣi tí wọ́n po èròjà tó túbọ̀ ń ru ààbò ara sókè mọ́ ì bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oṣù kan sí èyí tó kẹ́yìn, àǹtíbọ́dì rẹ̀ jẹ́ 46. Kò pọ̀; ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ṣùgbọ́n ó ti kọjá ààlà. Ó ṣeé ṣe kí àbájáde sàn ju èyí lọ ká ní wọ́n ti gún un nígbà tí àrùn náà ṣì wà ní ìpele kẹta, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tó kù láti gbà á pọ̀ jù báyìí lọ.

Nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń lọ sórí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dúró de kíndìnrín ẹlòmíràn, a ní láti mọ̀ bóyá ikọ́-ife ń sùn sára rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́: sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ kò fèsì dáadáa sí èròjà tí wọ́n fi ń dán wọn wò pé wọ́n wà láàyè. Ẹni tó bá ka irú àbájáde bẹ́ẹ̀ sí “kò ní i” ti ṣi ìwé kà. Nígbà tí a tún un ṣe lẹ́yìn tí ìgbiná ti rọlẹ̀, ìfèsì wà, kò sì sí àmì ikọ́-ife. Àwòrán àyà rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú.

Bí kíndìnrín bá dé, oògùn tí yóò máa lò kí ara má bàa kọ̀ ọ́ yóò tún tẹ ìhà tó ti rẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ sí i, nítorí náà gbogbo abẹ́rẹ́ tó kù ni a ń parí nísinsìnyí, pàápàá èyíkéyìí tó bá ní kòkòrò alààyè tí a ti sọ di aláìlágbára nínú, torí kò sẹ́ni tí yóò fún un nírú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. A ó máa wọn àǹtíbọ́dì mẹ́dọ̀wú rẹ̀ lọ́dọọdún. Bó bá ti wálẹ̀ ju 10 lọ, a ó tún un gún.